Èjí Tí Kò Sí Níbẹ̀ Tẹ́lẹ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, bí ẹni tó ti pẹ́ tí kò rí ẹni kí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé Màmá wà dáadáa, ṣé orúnkún Bàbá sì ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu? Tí ẹ bá béèrè tèmi, mo ń jẹun, mo ń sùn, aṣọ mi mọ́, ìwé mi sì ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù, a ó máa fi ọpẹ́ fara dà á.

Yàrá tí mo ń gbé wà ní òkè kẹta, nínú ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ráhùn bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, tábìlì kan, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Láràárọ̀, òórùn búrẹ́dì ló ń jí mi, kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ní kíláàsì, gbogbo wọn ti mọ ara wọn kí n tó dé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, ìyẹn náà ló sì di orúkọ mi. “Fèrèsé, ṣé o mú ìwé wá?” “Fèrèsé, jọ̀ọ́ sún díẹ̀.” Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọn ò kàn mọ orúkọ tí Màmá sọ mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. O mọ̀ mí. Ẹni tí ẹ ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́ nílé, kò lè ti ẹnu ọ̀nà dé òde kó di aláriwo.

Fọ́tò rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka gbogbo ohun tí o kọ sẹ́yìn rẹ̀: pé ayàwòrán ti ya òmíràn tó tóbi bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, pé ó gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé ó ní èjí rẹ ló ń pe oníbàárà wọlé. O ní Bàbá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń kọjá àti ẹni tí kò tilẹ̀ béèrè pé, “Ìyá mi ló fi èjí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ mi yìí.” Mo rẹ́rìn-ín títí, èmi nìkan. Mo fi lẹ̀ẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Ojú rẹ ni ojú àkọ́kọ́ tó bá mi gbé nínú yàrá yìí.

Ẹlẹ́rìn-ín, fọ́tò yẹn náà ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. O mọ bí Màmá ṣe máa ń ṣe: tí fóònù bá ti dún, wọ́n á tẹ ibi tó ń pariwo, Bàbá á máa dáhùn láti yàrá, ará ilé kejì á sì máa bá wa ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo ilé, tìrẹ ni ná. Jọ̀wọ́ jókòó, má sì fò ó kà. Mo ń bẹ̀rù pé èjí rẹ yẹn kì í ṣe èjí. Mo ń bẹ̀rù pé eyín rẹ ń ṣàìsàn láti ìdí, àti pé tí a bá ń yìn ín báyìí lọ, ó lè ti bọ́ kí o tó pé ogún ọdún.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Ní sáà yìí, wọ́n ti ń mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹnu àwọn ọmọdé. A ò tíì máa fọwọ́ kan aláìsàn. Iná ni a ń dì mú, a sì ń gbé nǹkan lé olùkọ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ wa níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn wọn ga jù wọ́n lọ. Dókítà Jígí ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n lẹ́yìn, nítorí pé wọn kì í fọwọ́ kan ẹnu ọmọ kankan láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbé jígí fún un kó wo ara rẹ̀. Wọ́n ní ẹnu kì í ṣe àpò ẹlòmíràn, ẹni tó ni ín ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, káfíńtà kan mú ọmọ rẹ̀ wá. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun apá baba náà. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bíi tìrẹ, ó ga, ó sì ń tẹ orí ba bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí gíga rẹ̀. Eyín kan lẹ́yìn ló ń mì tó bá ń jẹ nǹkan líle, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, èjí ni gbogbo wa rí. Ó wà láàárín eyín iwájú òkè, ó mọ́, ó sì wuni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn mi tilẹ̀ ní, “Háà, ó mà rẹwà o.”

Dókítà Jígí béèrè pé, “Bàbá, èjí yìí ńkọ́? Ṣé bó ṣe wà láti kékeré nìyí?”

Káfíńtà ní, “Rárá o, Dókítà. Ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló ṣí. Ẹwà kì í pẹ́ jù, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé.”

“Tó bá tún ń fẹ̀ sí i ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ ó máa fẹ̀. Ilé ẹlẹ́wà ni wá. Ẹ sáà ti rí èmi náà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí pé baba náà kò fi ẹwà kankan hàn ju ìwà rere lọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà Jígí rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n sàmì sí lára bíi rúlà. Wọ́n rọra ń tì í bọ àárín eyín àti èrìgì, ìyẹn ẹran tó di ìdí eyín mú. Níbi tí ara bá ti dá, kò yẹ kí ọ̀pá yẹn lè wọlé lọ jìnnà, ẹran á dá a padà. Ṣùgbọ́n ní ìdí eyín iwájú méjèèjì àti ní ìdí àwọn eyín ńlá tó wà lẹ́yìn, ọ̀pá náà ń rì ni. Kò sí ohun tó dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀lé e. Mi ò rí ẹnikẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn.

Wọ́n yí àga wọn sọ́dọ̀ baba náà. “Bàbá, iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ fi bi yín léèrè. Tí ẹ bá ri òpó méjì mọ́lẹ̀, tí wọ́n dúró ṣinṣin, tí ẹ wá padà débẹ̀ lọ́dún kejì tí ẹ bá a pé òpó méjèèjì ti ń ya ara wọn, ṣé ẹ ó sọ pé ẹnu ọ̀nà náà ti lẹ́wà sí i?”

Káfíńtà ní, “Ẹwà bọ̀? Ìdí òpó ni mo máa lọ wò. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń jẹrà.”

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀, ó wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ Dókítà, ó sì jókòó lórí àpótí kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń gun àga. Kò tún ṣe àwàdà mọ́.

Àlàyé tí Dókítà Jígí ṣe fún un, mo fẹ́ ṣe é fún ọ bó ṣe yé mi. Egungun ló gbé eyín ró, ẹran èrìgì sì bò ó. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń kóra jọ sí ìdí eyín. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọdé, wọ́n á kàn mú kí èrìgì pọ́n, kó wú, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ dáadáa, ó máa ń san. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ mìíràn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà, àwọn kòkòrò kan máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá egungun, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ láìpariwo. Kì í dunni. Lójú, èrìgì lè má ní àbùkù kankan. Eyín iwájú àti àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá jà. Tí egungun bá ti ń lọ, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò níbi tó wà, àwọn tó rí i á sì máa kan sáárá sí i.

Ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Ṣé torí pé mi ò fọ ẹnu dáadáa ni? Bàbá mi máa ń sọ pé mo máa ń sáré fọ̀ ọ́.”

Dókítà Jígí dáhùn pé, “Ìbáwí ẹni tó ń sáré fọ ẹnu wà lọ́tọ̀, a ó ṣì débẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èyí máa ń tọ ìdílé kan lẹ́yìn ni. Mo ti bá a lẹ́nu ọmọ tó ń fọ eyín ju èmi gan-an lọ. Ìwọ kọ́ lo pè é, má sọ̀rọ̀ ara rẹ láìdáa.”

Ìyẹn ló mú omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò lè nù ún, omi náà sì ń ṣàn lọ sínú etí. Mo fi apá aṣọ iṣẹ́ mi nù ún kí n tó rántí pé mi ò gbàṣẹ. Iná tí mo dì mú ti ṣí kúrò. Dókítà Jígí kò wo ẹ̀yìn, wọ́n kàn ní, “Fèrèsé, iná ti lọ sí imú.” Mo dá a padà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “O ṣeun.” Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Nígbà tí mo padà sí yàrá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìwọ lo ń rẹ́rìn-ín sí mi lára ògiri. Mo dúró síbẹ̀ tàpòtàpò. Mo tú àpótí mi, mo wá fọ́tò tí a jọ yà nígbà tí o wọ ilé-ìwé girama. Nínú ìyẹn, eyín rẹ tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà, ó fara kan ara, kò sí àyè láàárín wọn. Èjí tòótọ́ máa ń bá eyín àgbà jáde ni, kì í dúró di ìgbà tí ènìyàn bá pé ọdún mẹ́rìnlá. Tí o bá sì wo èyí tó wà lójú ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán dáadáa, eyín apá òsì gùn ju èkejì rẹ̀ lọ díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé bí o ṣe kọjú sí kámẹ́rà ló fà á, àfi nígbà tí mo tún un wò.

Mo wá ń rántí oríṣiríṣi nǹkan. Mo rántí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì rẹ nígbà ìsinmi, tí Màmá ní kí o fi fífọ sílẹ̀ kí ẹnu sinmi, tí o sì fi sílẹ̀. Mo rántí ẹnu Màmá fúnra wọn. A ti mọ́ wọn lójú pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá wọn débi pé a ò béèrè rí. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ bíbí ló kó eyín wọn lọ, pé èmi mú méjì, ìwọ náà mú méjì. A máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, Ẹlẹ́rìn-ín. Bàbá ní ìyá wọn ló fún ọ ní èjí. Ẹ̀rù ń bà mí pé láti apá Màmá ni ohun tí o gbà ti wá.

Mo yọ fọ́tò náà kúrò lára ògiri, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì Dókítà Jígí. Mo kọjá ẹnu ọ̀nà wọn, mo padà, mo tún kọjá. Níkẹyìn, àwọn fúnra wọn ló pè mí láti inú: “Ta ló ń fi bàtà nu ilẹ̀ mi níta? Fèrèsé, wọlé.” Mo gbé fọ́tò sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àbúrò mi ni.” Mo fi ìka tọ́ka sí èjí rẹ.

Wọ́n wò ó pẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ̀rín rẹ̀ dára.” Wọ́n wá ní fọ́tò kò lè dájọ́. Ó lè jẹ́ èjí lásán, ó sì lè jẹ́ ohun tí a rí lẹ́nu ọmọ káfíńtà. Ẹni tó bá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, tó sì ya fọ́tò egungun rẹ̀, ló lè mọ̀. Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti pàdánù eyín ní kékeré nílé wa. Mo sọ ti Màmá.

Wọ́n ní, “Ìwọ náà ńkọ́?”

“Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí, mà.”

“Ta ló wò ọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

Wọ́n na ọwọ́ sí àga aláìsàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tí èmi bá sá, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọ pé kí o lọ? Mo jókòó. Wọ́n gbé jígí lé mi lọ́wọ́.

Eyín iwájú mi kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìdí eyín ńlá méjì lẹ́yìn, ọ̀pá náà wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì mọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ nípa eyín láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí.

Nítorí náà mo lè sọ bí ìtọ́jú náà ṣe rí fún ọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, kí ẹnu kú. Ó dùn mí bí ìgbà tí èèrà bá géni jẹ, ó sì tán. Lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wúwo bíi ti ẹlòmíràn. Wọ́n ń fọ ìdí eyín nísàlẹ̀ èrìgì, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. O ò ní mọ ìrora níbẹ̀, ariwo rẹ̀ ni o máa gbọ́ nínú orí, bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò láti lò. Ní ọjọ́ kejì ìtọ́jú mi, ọmọ káfíńtà wà níbẹ̀, ó ń dúró de tirẹ̀. Ó wò mí lórí àga, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà?” Ó bẹ Dókítà Jígí kí wọ́n jẹ́ kó di iná mú. Wọ́n gbà fún un. Àbúrò mi, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ níjọ́sí ló ń pàṣẹ fún mi: “Ẹ la ẹnu yín dáadáa, ẹ má ṣe bí ẹni ń jí nǹkan jẹ.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró dè mí kó tó máa lọ sílé. Ó ní eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kò mì tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Òun ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ní níbí, òun ló sì kọ́kọ́ béèrè orúkọ mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe nìyí. Fi lẹ́tà yìí han Màmá àti Bàbá nígbà tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́. Kí wọ́n mú ọ lọ sí ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má kàn sọ pé ẹ wá wo eyín. Ẹ sọ pé èjí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, pé ẹ̀jẹ̀ ń wá, pé eyín ìyá tètè bọ́, kí wọ́n sì wọn ìdí eyín rẹ. Kí o tó lọ, padà sí fífọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, jẹ́jẹ́, títí dé ibi tí eyín ti pàdé ẹran. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá, má dúró. Búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ló dá egbò náà sílẹ̀, fífi í sílẹ̀ sì ń fún àwọn kòkòrò yẹn ní ìsinmi ni, kì í ṣe ẹnu rẹ. Bá mi rọ Màmá kí àwọn náà jẹ́ kí wọ́n wo eyín tó kù sí wọn lẹ́nu. Sọ fún wọn pé a ò kó eyín wọn lọ. A kò mú ìkankan.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn ọ́. O lè sọ pé Ìyá Jẹ́jẹ́ ń jowú, pé òun tí kò lẹ́wà tí wọ́n lè gbé sójú fèrèsé ló fẹ́ ba tìrẹ jẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé àṣìṣe ni mo ṣe, pé èjí lásán ni; ọjọ́ tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, èmi ló máa kọ́kọ́ jó. Tó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni, mo bi Dókítà Jígí bóyá àyè náà á padà dí. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣèlérí, ó lè dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá tètè mú un, eyín lè dúró pẹ̀lú rẹ̀. Má sọ pé kí ayàwòrán gbé fọ́tò rẹ kúrò. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí àwọn tó ń wò ó máa rí ẹni tó ni ín kọjá lójú ọ̀nà, pẹ̀lú eyín rẹ̀ lẹ́nu, títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún mi. Kí àwọn tó máa tọ́jú rẹ jẹ́ onísùúrù, kí ọwọ́ wọn fúyẹ́. Kí a má ṣọ̀fọ̀ ara wa. Kí ojú wa tún rí ara wa ní ayọ̀, kí Màmá àti Bàbá jẹun ọmọ pẹ́. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ lọ,

Ìyá Jẹ́jẹ́

Àfikún ọ̀rọ̀: Mo fi àpòòwé kan sínú èyí, mo ti lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, mo sì ti kọ àdírẹ́sì mi sí i. Kò di dandan kí o kọ̀wé gígùn. Tí inú bá ń bí ọ, kọ “Inú ń bí mi” sórí ìwé kan, kí o fi ránṣẹ́, mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe ń ti ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ́tà bọ̀, má yà sílé. Gba ilé ìwòsàn lọ.